Ògiri Baba, Síméńtì Ọmọ

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ẹni tí òfò ṣẹ̀ ni a sì sábà ń sọ ọ́ fún kí ó má baà bọ́hùn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà palẹ̀ wò, a ó rí i pé ó fi nǹkan kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Iná kò bu ẹwà sí ilé ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tí wọ́n gbọ́ pé ààfin jó, tí baálé gbé ọkọ́, tí ìyàwó ru omi, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́ ọparun bọ̀ láti inú igbó, tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ bí ẹni ń jó, àwọn ni òwe náà fẹ̀yìn tì tí kò sì dárúkọ wọn. Bí ilé aláìlẹ́nìkan bá jó, èèsún ni ó ń hù níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú òwe yìí ṣáájú ni ìbéèrè kan tí ó ti ń wọ agboolé lọ ní Ìlá Ọ̀ràngún láti ìgbà tí páànù ti lé ewé kúrò lórí ilé, tí síméńtì sì ti tẹ̀ lé e dé. Nígbà tí ọmọ bá lọ sí Èkó tàbí sí ìlú òyìnbó, tí Ọlọ́run ṣe é ní rere, tí ó padà wá dúró níwájú ilé alámọ̀ tí baba ńlá rẹ̀ mọ, ilé tí ògiri rẹ̀ ti là, tí òjò ti jẹ lẹ́sẹ̀, tí aláǹgbá ń gba ibi tí ó lanu wọlé, kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó wó o kí ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun síbẹ̀? Ṣé kí ó fi síméńtì rẹ́ ẹ lára kí ó lè dàbí ọmọge? Àbí kí ó wá àgbà kan tí ó ṣì mọ bí a ti ń po amọ̀? Àwọn kan yóò dáhùn pé ọ̀rọ̀ owó ni; àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ ẹwà ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni kí owó àti ẹwà tó dá sí i, nítorí pé ohun tí ọmọ náà ń bèèrè gan-an, bí kò tilẹ̀ mọ̀, ni irú gbèsè tí alààyè jẹ òkú, àti bóyá gbèsè náà ṣeé san tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilé amọ̀ ti ń di ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ọ́n. A ó wa ilẹ̀ pupa, a ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, a ó fi í sílẹ̀ kí ó mu omi sára, a ó sì tún un tẹ̀. Ọ̀mọ̀lé yóò máa gba ìṣù amọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń jù ú sókè sí i, yóò tò ó ní ìpele kan yí gbogbo ilé ká, yóò sì dúró. Dídúró yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà, nítorí pé ìpele ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó lè ru ti òkè, ẹni tí ó bá sì kánjú, ògiri rẹ̀ yóò yọ ikùn síta, yóò sì tẹ́ ẹ lójú ará àdúgbò. Ògiri náà nípọn, nítorí náà inú ilé a máa tutù lọ́sàn-án. Etí òrùlé gùn síta, nítorí náà òjò kì í sábà rí ara ògiri nà. Síbẹ̀ òjò yóò ta sí i lẹ́sẹ̀, ikán yóò gba inú rẹ̀ gòkè lọ bá igi àjà, ewé orí ilé yóò jẹrà, bí kò bá sì sí ẹni tí yóò tún un rẹ́, tí yóò tún un bò, ilé náà yóò padà sínú ilẹ̀ tí a ti wà á, àfi bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó sùn níbẹ̀ rí. Kò sí ilé amọ̀ kan tí ó parí rí. Ọjọ́ tí a bá ní ó parí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó.

Ìyẹn ni kò fi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ọ̀wẹ̀ ni a ń bẹ̀ sí i: àna a ránṣẹ́ pe ọkọ ọmọ, ọkọ ọmọ a kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, onílé a wá ẹmu àti iyán dè wọ́n, ọdún tí òrùlé bá sì tún jẹrà, wọn a tún pàdé. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ohun kan náà di ọdún ìlú. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n máa ń gé wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, Samuel Johnson sì fi yé wa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé ọdún Bẹẹrẹ yìí ni a fi ń ka iye ọdún tí ọba ti lò lórí ìtẹ́. Ẹ gbọ́ o: ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, òrùlé tí ó jẹrà ni a fi ń ka ọjọ́ rẹ̀! Bí ó bá jẹ́ páànù ni wọ́n ti ń fi bo ààfin láti ìpìlẹ̀, kí ni ará oko ìbá rí gbé wá sílé ọba, báwo ni ọba ìbá sì ṣe mọ̀ lọ́dọọdún pé òun ṣì ní ènìyàn?

Níbi tí mo ń lọ nìyí. Ohun tí ó mú kí ilé àtijọ́ ṣì jẹ́ ilé kan náà, lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ ewé rẹ̀, tí a ti pààrọ̀ igi rẹ̀, tí amọ̀ titun ti bo amọ̀ àná mọ́lẹ̀, ni pé ọwọ́ àwọn tí ń tún un ṣe kò tíì já. Láàárín àwọn Ìgbómìnà, ìran tí Ìlá wà nínú rẹ̀, n kò nílò kí n jìnnà lọ wá ẹ̀rí, nítorí eégún wọn ti sọ ọ́ tipẹ́. Bí ọdún bá dé, àwọn ọmọ ilé a máa rán abala aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú eégún ńlá. Èyí tí ó ti gbó a wà lábẹ́, èyí tí ó ti gbó jù a já dànù. Lẹ́yìn ìran mẹ́rin, ó lè jẹ́ pé kò sí fọ́nrán òwú kan mọ́ tí ojú baba tí ó kọ́kọ́ gbé e jáde rí. Síbẹ̀ ta ni ó tíì dúró lójú agbo, nígbà tí bàtá ń ró tí ará ọ̀run ń yí bí ìjì, kí ó wá béèrè pé ṣé eégún ti àná ni èyí? Ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé àlejò ni. Eégún tí kò gba aṣọ tuntun lọ́dún yìí ni ó ń ba àwọn onílé lẹ́rù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìdílé tí kò rí aṣọ rán mọ́ ẹ̀kú ti ń kú lọ.

Ilé baba sì ju ẹ̀kú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé baba wà nínú ilé. Láyé àtijọ́, inú ilé ni a ń sin àgbà sí, abẹ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ náà ni a sì ń fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ kí ó lè dán. Ẹni tí ń gbá ilé, ojú oórì ni ó ń gbá. Ẹni tí ń rẹ́ ilẹ̀, baba ni ó ń tẹ́ ẹní fún. N kò rò pé àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí pè é ní ìsìn, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìsìn, n kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó ní kí katakata wá ti ilé náà ṣubú kí òun lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí yóò gbé egungun baba rẹ̀ sí.

Àwọn onígbàgbọ́ inú wa, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, àwọn tí wọ́n pọ̀ jù ní Ìlá lónìí, lè ní ọ̀rọ̀ eégún àti oórì kò kan àwọn. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé tiyín. Nínú Ìwé Kejì Àwọn Ọba, orí kejìlá, a kà pé Jèhóáṣì ọba pàṣẹ kí àwọn àlùfáà gba owó fún àtúnṣe ilé Olúwa, ṣùgbọ́n títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọ́n ń gba owó náà, ògiri sì là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. (N kò fi èyí bá ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ kankan wí.) Ìgbà náà ni Jèhóyádà àlùfáà dá ihò sí ìdérí àpótí kan, tí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, owó tí ó sì bọ́ sínú rẹ̀ ni wọ́n kó fún àwọn alábòójútó iṣẹ́, àwọn yìí sì fi san owó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn ọ̀mọ̀lé àti àwọn tí ń gbẹ́ òkúta. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà ni pé wọn kò bá àwọn alábòójútó wọ̀nyí ṣe ìṣirò owó, nítorí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti bá bíríkìlà ṣe àdéhùn rí yóò mọ bí ẹ̀rí náà ti tóbi tó.

Ní ti àwọn Mùsùlùmí, wọ́n mọ̀ pé ilé Ká'bà tí wọ́n ń kọjú sí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni àwọn Kùráéṣì tún kọ́ nígbà tí Ànábì Muhammad wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 35, kí ìmísí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fún un. Wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pẹ̀lú. Nígbà tí ó ku kí a dá Òkúta Dúdú padà sí àyè rẹ̀, ìran kọ̀ọ̀kan ní òun ni yóò gbé e, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di idà. Ànábì tẹ́ aṣọ, ó gbé òkúta lé e, ó ní kí ìran kọ̀ọ̀kan di etí aṣọ kan mú, wọ́n sì jọ gbé e sókè kí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sínú ògiri. Ọ̀wẹ̀ ni mo pe èyí. Kò sí Mùsùlùmí kan tí ó jẹ́ wí pé ilé náà kì í ṣe ilé Ìbúráhímà mọ́ nítorí pé òkúta ògiri rẹ̀ ti yí padà.

Bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀ kò sí: gbólóhùn yìí ti ba ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn lẹ́rù, wọ́n sì rò pé àfojúdi ni. Èmi kò rí àfojúdi nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ojúbọ tí a kò tún ṣe ni ojúbọ tí a ti kọ̀ sílẹ̀, òrìṣà tí ó bá sì wà nínú ojúbọ tí kò fẹ́ àtúnṣe mọ́ láéláé kò ní rí ẹni bẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a bá wá dé orí síméńtì, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá jà. Ìlérí tí ó ń ṣe ni. Ó ń sọ fún ọmọ pé, rẹ́ mi sí i lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa lọ. O kò ní padà wá mọ́. Ìlérí náà sì jẹ́ irọ́, kódà lọ́dọ̀ àwọn tí kò bìkítà fún òkú. Ògiri amọ̀ a máa mu omi, a máa tu omi, a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ọyẹ́. Síméńtì a le gbagidi, kì í bá a mí. Omi tí ó bá gba ẹ̀yìn wọlé, yálà láti òrùlé tàbí láti ilẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa rọ̀ níkọ̀kọ̀, ojú ògiri yóò sì máa dán títí di ọjọ́ tí èèpo náà yóò ṣí bọ́ látòkè délẹ̀, tí ògiri yóò sì bá a lọ. Mọ́ṣáláṣí Larabanga ní àríwá Gánà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ́jọ́ lórí jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni a fi síméńtì rẹ́ ní àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú èrò rere. Nígbà tí ó di 2002, ìjì jà, ó sì ya lára ilé gogoro rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá tún un ṣe ní láti ha síméńtì náà kúrò, kí wọ́n sì wá àwọn tí ó ṣì mọ bí a ti ń po amọ̀ àtijọ́ kàn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé amọ̀ tí a da aṣọ olówó bò, omi inú rẹ̀ ni yóò wó o.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú tálákà. Ẹni tí ó bá ń sọ fún opó àgbàlagbà kan ní Ìlá pé kí ó máa gbé inú amọ̀ nítorí àṣà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn sínú kánkéré ní Ìbàdàn, ọ̀yájú ni. Níbo ni ọ̀wẹ̀ tí yóò rẹ́ ògiri rẹ̀ wà? Ọkọ ọmọ wà ní Èkó, àwọn ẹgbẹ́ ọkọ ọmọ ń gun ọ̀kadà, ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ amọ̀ ti wọ ilé ìwé lọ. Ohun tí ènìyàn ń fi owó rà ní ìgbà tí kò ní ènìyàn mọ́ ni síméńtì, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí arúgbó sùn síbi tí kò jò. Ẹni tí mo ń bá wí ni olówó tí ó ní ènìyàn, tí ó sì fi síméńtì ra òmìnira kúrò lọ́wọ́ wọn.

Kò sì yẹ kí a rò pé èèwọ̀ wà lára síméńtì gan-an. Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, nígbà tí ikán ti jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun dé egungun, àwọn aláwòrò pe Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà, òun náà sì rí Adébísí Àkànjí bá ṣiṣẹ́, ẹni tí iṣẹ́ bíríkìlà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Amọ̀ àti síméńtì ni wọ́n fi tún ojúbọ náà ṣe, wọn kò sì dúró níbẹ̀: wọ́n mọ ère tí igbó òrìṣà kò ní irú rẹ̀ rí, títí àjọ UNESCO fi kọ igbó náà sínú ìwé ogún aráyé ní 2005. Wenger kú ní 2009. Òjò ń jẹ àwọn ère náà, ewédò ń hù lára wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń padà lọ láti tún wọn rẹ́. Síméńtì ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìlérí rẹ̀ gbọ́.

Àwọn òyìnbó náà ti jà lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé àtijọ́ yìí títí ó fi di ẹgbẹ́. John Ruskin, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1849 pé àtúnkọ́ ilé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀ jẹ́ irọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé ọwọ́ agbẹ́kúta tí ó ti kú kò lè padà wá. Ó ní ẹni tí ó bá ń tọ́jú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní nílò irú àtúnkọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1877, William Morris dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí ìmọ̀ràn náà. Apá kejì ọ̀rọ̀ Ruskin bá mi lára mu pátápátá. Ti àkọ́kọ́ ni mo rò pé ó sọ nítorí pé ìlú rẹ̀ ti pàdánù ohun tí ìlú tiwa ní: agbẹ́kúta tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn kò fi ìran sílẹ̀ tí a mọ̀. Ní Ìlá, ẹ wo Làmídì Fákẹ́yẹ, tí ó jẹ́ ìran karùn-ún nínú ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ Akọ́bíogun, Mùsùlùmí tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti òpó ààfin bákan náà. Bí òpó tí baba ńlá rẹ̀ gbẹ́ bá jẹrà, tí òun sì gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣé ọwọ́ òkú kò padà wá? Ẹni tí yóò bá jiyàn, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí a fi ń pe ọmọ ní Babátúndé.

Ìwé àti òfin kì í rọ́pò ọwọ́, èyí ni ti Èkó kọ́ wa. Ilé àwọn Fernandez ní Gbàgede Tinúbú, tí a wá ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ jù, ni ìjọba kọ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ọgọ́ta ọdún ni ìwé náà fi ṣọ́ ọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí ó lè bì mí ṣubú, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ fi í sẹ́yìn. Ìlá fúnra rẹ̀ ti fi ògiri sílẹ̀ rí. Àwọn ọmọ Fágbàmílà Ajagunńlá, tí ó ti Ifẹ̀ gba adé Odùduwà wá, kò kọ́kọ́ jókòó síbi tí Ìlá wà lónìí. Ìlá-Yàrá ni wọ́n wà, pẹ̀lú odi àti yàrá tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń rí ojú rẹ̀ nínú igbó. Ìjà adé dé, wọ́n sì pín: apá kan lọ tẹ Òkè-Ìlá dó, apá kejì wá sí Ìlá Ọ̀ràngún, ọba tí ń jẹ́ Ọ̀ràngún sì wà ní ibi méjèèjì títí di òní. Kò sí ẹni tí ó padà lọ rẹ́ ògiri Ìlá-Yàrá. Síbẹ̀ Ìlá kò kú. Ǹjẹ́ kò túmọ̀ sí pé ògiri kò jẹ́ nǹkan kan, àti pé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ àsọdùn?

Mo ti rò ó títí, èsì mi sì rèé. Àwọn tí wọ́n kúrò ní Ìlá-Yàrá kò ṣe bí ẹni pé ògiri náà lè dá dúró láìsí wọn. Wọ́n di adé, wọ́n di orò, wọ́n di oríkì, wọ́n ru ẹrù gbèsè náà lórí, ibi tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ sí ni wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa tuntun, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ amọ̀. Ilẹ̀ gba ògiri àtijọ́ padà, kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀dà kùn ún láti tan òkú jẹ. Nítorí náà, bí ìdílé kan ní Ìlá lónìí bá rí i pé àwọn kò ní ẹsẹ̀ tí yóò tẹ amọ̀ mọ́, pé gbogbo ọmọ ti fọ́n ká, tí owó kò sì tó, ọ̀nà ọmọlúàbí wà fún wọn: kí wọ́n pàdé lójú oórì, kí olórí ẹbí dá obì, kí ó dárúkọ ibi tí wọ́n ń gbé baba lọ àti ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí wọ́n sì ṣí òrùlé sílẹ̀ kí òjò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.